Ife Tuntun fún Ẹyinjú

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà
Ìyá ọkọ mi tún bá Ẹyinjú lọ sílé ìwòsàn. Ẹyinjú — ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn nínú ọkàn mi. Oyún tiẹ̀ àti tèmi jọ ń dàgbà nínú ilé kan náà. Ta ló ń bá èmi lọ sọ́jà pàápàá? Ẹsẹ̀ mi méjèèjì.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ìyá ra ife tuntun fún un. Aláwọ̀ ewé. Abọ́ tuntun, ṣíbí tuntun, tówẹ̀lì tuntun. Èmi ìyálé, ife tí etí rẹ̀ ti kán ni mo fi ń mumi látọjọ́ tí mo ti wọlé yìí. Inú bí mi débi pé mo rán apá ọ̀tún búláòsì oníbàárà sí òsì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u tán ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Inú yàrá ni Ẹyinjú ti ń jẹun báyìí. Ìyá ló ń gbé e lọ bá a. Ayaba! Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, "Jọ̀ọ́, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀." Kò wojú mi. Òun náà!

Ọjọ́rú, 12
Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Oyún ló bá mi fi díẹ̀ síbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Ìyá jáde. Mo wọ yàrá Ẹyinjú, mo gbé ife aláwọ̀ ewé yẹn, mo bu omi sí i, mo mu ún tán lójú ẹ̀. Ìjà ni mò ń retí. Ẹkún ló bú sí.

"Àǹtí mi, ẹ ò mọ̀ ni? Kò sẹ́ni tó ń bá mi pín nǹkan mọ́ látìgbà tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò."

Àrùn mẹ́dọ̀wú ni — èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Gbogbo ìkẹ́ tí mo ń wò, ẹ̀rù ni. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé títí pé inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, kì í ṣe ara ife, kì í ṣe ara ṣíbí. Ìyá ò gbọ́.

Ẹyinjú ní ọmọ òun máa gbabẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tó bá dáyé gan-an, kó má baà kó o. Ó ní kí èmi náà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Mo ní ilé ni mo bí àkọ́bí mi sí, ibẹ̀ náà ni màá bí èyí sí.

"Tí ẹ bá ní i ńkọ́, Àǹtí mi? Ta ló máa fún ọmọ lábẹ́rẹ́ nílé?"



Ọjọ́ Àìkú, 16
Mo ṣì ń jowú rẹ̀. Ó ti mọ tiẹ̀; èmi ò tíì mọ tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Mo lọ. Ẹyinjú ló bá mi lọ. Ó bá mi gbé báàgì, tòun ti ikùn tiẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20
Mo ní i.
Nọ́ọ̀sì ní tí mo bá bí i sọ́dọ̀ àwọn, tí abẹ́rẹ́ sì tètè wọlé, ó ṣeé ṣe kí ọmọ bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà. Mo ti sọ fún ọkọ mi: n ò bímọ sílé mọ́, kí òun náà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìyá wà nítòsí. Ó gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Ìyá tọjà dé. Ó gbé nǹkan kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, kò wọlé. Ife tuntun. Pupa.
Ó tiẹ̀ dára ju ti Ẹyinjú lọ.