Ìbò Tí Àìṣát Dì Ní Hamburg

Àìṣát ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó wà pẹ̀lú ìwọ àti Dádì ní Hamburg níbẹ̀ yẹn. Ṣé ẹ jí dáadáa, ṣé òtútù ò mú ẹ létí? Èmi wà níbí. Yàrá wa ní Peckham ti tóbi jù láti ìgbà tẹ́ ẹ ti lọ, mo ṣì ń sùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri bí ẹni pé o máa tó wá fi ẹsẹ̀ tì mí.

Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Mister Jethro, bàbá arúgbó tí mò ń tọ́jú ní Brockley, ló fi hàn mí nínú tẹlifíṣọ̀n pé ìjọba Jámánì ti tú ká, pé ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́ta tó jọ ń ṣe é ló jà lórí owó, ni wọ́n bá ní kí gbogbo ìlú dìbò kí àsìkò tó pé. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò mọ sí Jámánì, pé ogun tí wọ́n ń jà lápá ọ̀hún àti owó gáàsì wa níbí, gbogbo ẹ̀ ló máa kàn. Mo ní èmi ló kọ́kọ́ kàn, nítorí ẹgbẹ́ kan ń sọ pé táwọn bá wọlé, àwọn á dá físà àwọn ìyàwó tó fẹ́ wá bá ọkọ wọn dúró, tèmi sì wà lórí tábìlì wọn.

Ni mo bá mú káàdì ìdìbò tí kánsù fún mi, ó di láíbìrì, mo ní kí Bethany tó wà ní káńtà bá mi fi ìbò mi ránṣẹ́ sí Hamburg. Ó ní kò ṣeé ṣe, pé mi ò kì í ṣe ọmọ Jámánì. Mo ní mi ò kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì náà, ọmọ Nàìjíríà ni mí, mo sì ń dìbò níbí. Ó ní torí pé Gẹ̀ẹ́sì ti jọba lé wa lórí rí ni. Mo ní, Aunty, ṣé ká wá lọ bẹ Jámánì kó jọba lé wa lórí díẹ̀ kí n tó rí ọmọ mi ni? Ó rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó fún mi ní tíṣù.

Àmọ́ nígbà tó o sọ lórí fóònù pé tíṣà gbé àpótí ìbò wá sí kíláàsì yín, pé ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé náà ti dìbò, inú mi dùn. Jámánì mà gbọ́n o, ẹni ọdún mẹ́sàn-án ń yan ìjọba! Mo bi ẹ́ pé ta lo dì í fún, o ní àṣírí ni, tíṣà ní kẹ́ ẹ má sọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí mo ṣe tó dùn ẹ́ sórí ìka. Ibi yìí, má jẹ́ kí Dádì kà á. Tó bá jẹ́ àwọn tó ní kí n má wá lo dìbò fún, torí pé mo máa ń pariwo, tàbí torí irun tí mo máa ń fà le tí mo bá ń dì í fún ẹ, sọ fún mi, mi ò ní bínú. Mo ti ń fi orí bèbí ìṣeré tó o fi sílẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dirun jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ Sunday làwọn àgbà máa dì tiwọn. Sọ fún Dádì kí wọ́n fi owó ọkọ̀ òfurufú ránṣẹ́, tó o bá dìbò fún mi. Tí o ò bá dìbò fún mi, kí wọ́n ṣì fi ránṣẹ́, màá wá bẹ̀ ẹ́ lójúkojú.

Ọlọ́run á wò ẹ́ dàgbà. Kó ṣáà má yára ṣe é kí n tó dé.

Mummy ẹ,
Àsúmáù