Fèrèsé Tí Ẹ Máa Ń Dúró Sí

Bàbá mi àtàtà,

Ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí ẹ kò fẹ́ràn kí èèyàn máa yí ọ̀rọ̀ po. Mo ti wà nílé l'Ósì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oorun tí mò ń sùn ò kéré, síbẹ̀ àárẹ̀ tí mo bá sùn náà ni mò ń bá jí. Màmá wà ní yàrá kejì, wọ́n ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀. Àná la ṣe ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ló jẹ́ kí n mú bírò.

Ẹ ti wà nínú ilẹ̀ kí n tó dé lọ́jọ́ tí ẹ dákẹ́. Mo mọ̀ pé bí ẹ̀sìn yín ṣe wí nìyẹn, òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ wa rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn Òmù-Àrán, ọ̀kadà ni mo gùn dé ẹnu ọ̀nà, mo sì bá erùpẹ̀ tútù. N kò rí ojú yín. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá kí mi nínú àwọn ará ìjọ, díákónì wa ni. Ó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ mi, ó sì béèrè bóyá ẹ gba Jésù kí ẹ tó lọ. Kò béèrè bóyá ẹ jẹ̀rora. Kò béèrè ohun tí ẹ jẹ kẹ́yìn. Lẹ́yìn tí àwọn áfáà ti ṣe àdúrà fìdáù yín tán, Pásítọ̀ gun orí àga ìwàásù lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀lé e, ó ní ẹni tí kò bá gba Jésù ti ṣègbé, bó ti wù kí ìwà rẹ̀ dára tó. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Màmá jókòó síwájú níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lára wọn. Láti ọjọ́ náà, wọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Màmá tó fọwọ́ fa gbogbo wa lọ sọ́dọ̀ Jésù nìyẹn, Bàbá. Bí mo ṣe sọ àpò mi kalẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi ni wọ́n kọjú sí.

"Ìwọ tí o ń kọ́ wọn ní Bíbélì n'Ílọrin, bàbá rẹ ńkọ́? Bí kò bá sí l'ulé ọ̀run, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Mo gbé àpò mi wọ yàrá. Mo ti kọ́ kíláàsì mi ní ẹ̀kọ́ yìí láìmọye ìgbà, mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó gàdàgbà: Jésù nìkan ni ọ̀nà. Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ìyẹn ló mú kó rẹ̀ mí. Ká ní n kò gbà á ni, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín, kí n sì sùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ gbé yín sínú iná yẹn lọ́kàn mi, ọwọ́ mi kì í gbé e. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ Bíbélì bíi èmi sọ pé ìmọ́lẹ̀ tí kálukú rí ni Ọlọ́run máa fi dá a lẹ́jọ́. Òmíràn ní olè tó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù kò ṣèrìbọmi, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín èèyàn àti Olúwa nígbà tí èémí bá kù díẹ̀. Arábìnrin kan tiẹ̀ ní kí n kàn sọ fún Màmá pé ẹ pe Jésù kí ẹ tó dákẹ́, kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Kálímà ẹ̀sìn yín ni ẹ pè títí ẹnu yín fi dákẹ́. Màmá ló gbé orí yín sí itan, etí wọn ló gbọ́ ọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mìíràn sí yín lẹ́nu?

Kí ni ẹ rí lọ́hùn-ún, Bàbá? Ṣé ó dùn yín pé kò sí ọ̀kan nínú wa tó tẹ̀lé yín lọ sí mọ́ṣáláṣí? Ẹ kò bi wá rí. Àwa náà kò bi yín. Láràárọ̀ Sunday, tí ẹ bá ti kí àsùbáà tán, ẹ máa ń fi omi tó kù nínú búùtà yín wọ́n wa lójú lórí ẹní. "Ẹ dìde, ẹ óo pẹ́ dé ulé Olúwa." Omi náà máa ń tutù, a sì máa ń bú yín lábẹ́ aṣọ.

Àti ìkórè! Àkísà lẹ máa ń so mọ́ igi àwọn iṣu tí ẹ bá ti yà sọ́tọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹnikẹ́ni má baà wà á. Ẹ óo fúnra yín rù ú dé ẹnu àtẹ̀gùn. Ẹ kì í wọlé, torí ọkùnrin ò gbọdọ̀ dé fìlà níbẹ̀, ẹ̀yin ò sì ní ṣí tiyín. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lẹ máa ń dúró sí títí wọn óo fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu gbàǹjo. Bí wọ́n bá gbé iṣu yín sókè, ẹ̀yin lẹ óo kọ́kọ́ pariwo iye owó láti ìta. Gbogbo ìjọ á bú sẹ́rìn-ín pé Bàbá tún ń ra iṣu ara wọn. Ẹ óo rà á tán, ẹ óo ní kí wọ́n gbé e fún ìyàwó Pásítọ̀.

Lọ́jọ́ Friday, èmi àti Màmá lọ wo oko. Koríko ti bo ebè. A rí àkísà lára àwọn igi náà. Jalàbíà yín àtijọ́, èyí tó ya léjìká, lẹ fà ya sí wẹ́wẹ́. Ẹ ti so ó kí àìsàn tó dá yín dùbúlẹ̀. Màmá di ọ̀kan mú, wọn ò tètè fi í sílẹ̀. Wọ́n ní ká pe ẹni tí yóò wà á.

Bí Màmá ṣe padà sí ṣọ́ọ̀ṣì lánàá nìyẹn. Nígbà tó kan iṣu yín, ẹni tó ń lu gbàǹjo gbé e sókè, ó sì kọjú sí fèrèsé bó ṣe máa ń ṣe. Ó ti mọ́ ọn lára. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Gbogbo wa yíjú síbẹ̀. Pásítọ̀ tẹrí ba. Màmá dìde, wọ́n rọra gba àárín àga jáde, mo rò pé wọ́n ti ń lọ sílé nìyẹn. Mo ń wá bàtà mi kí n lè tẹ̀lé wọn nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn láti ìta. Ibi tí ẹ máa ń dúró sí gan-an ni wọ́n dúró sí, wọ́n dá owó lé iṣu náà. Kò sẹ́ni tó fi kún un. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e fún ìyàwó Pásítọ̀.

Pásítọ̀ jáde lọ bá wọn, ó di ọwọ́ wọn méjèèjì mú. Kò kó ìwàásù rẹ̀ jẹ, n kò sì retí pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí à ń lọ sílé, Màmá tún bi mí pé níbo ni ẹ wà. Mo ní n kò mọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá wọn lóhùn nìyẹn. Wọ́n rìn díẹ̀.

"Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nínú ni èèyàn ń gbọ́ láti ìta," wọ́n ní. "N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Wọ́n ní àwọn á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

N kò mọ ibi tí ẹ wà, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí ilé ọ̀run bá ní fèrèsé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀. Ibẹ̀ ni Màmá máa kọ́kọ́ wò.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ máa ń fi omi búùtà jí.