Èéfín Ìdájí

Sátidé, oṣù Kọkànlá, 1984

Èmi àti Délé, àfẹ́sọ́nà mi, gbé mọ́tò rẹ̀ tó ń mu ọ́ìlì bí omi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Challenge. Bísí, tí òun àti Délé jọ ń ṣiṣẹ́, bá wa lọ. Òun ló jókòó síwájú.

Mẹkáníìkì bèèrè pé, "Ìgbà wo ló máa ń rú èéfín?"

Bísí gbà á mọ́ Délé lẹ́nu. "Ìdájí ni o, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sitáàtì ẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, á dá."

"Rọ́bà fáàfù ló gbó nìyẹn, ọ́ìlì ń jò wọ inú ẹ́ńjìnnì lóru. Ẹ ṣé o, ìyàwó tó mọ mọ́tò ọkọ ẹ̀!"

Bísí rẹ́rìn-ín. Délé ò sọ fún mẹkáníìkì pé èmi ni àfẹ́sọ́nà òun.

Ọ̀sán nìkan ló máa ń gbé mọ́tò náà wá sílé wa ní Bódìjà. Mi ò tíì fojú kàn án ní ìdájí rí.