Ẹ Dá Áńténà Padà Sórí Òrùlé

Bàbá mi,

Ẹ kò gbé fóònù, ni mo fi kọ lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Ó di ọjọ́ mọ́kànlá tí áńténà tí mo fi ránṣẹ́ sí Hanane àbúrò mi láti Toulouse níbí ti kúrò lórí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Tíṣà Esdras mọ̀, kò sọ fún mi. Màmá mọ̀, wọ́n ní kí n má bínú. Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí ẹ tì í mọ́ yàrá tí a ń kó kajú sí, tí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ lọ sóko ní Akpassi.

Hanane ní ẹ sọ pé, "Òjò ń bọ̀. Tó bá bàjẹ́, ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ máa ra òmíràn ni?" Bàbá, ìta ni wọ́n ṣe é fún. Òjò kì í ṣe é ní nǹkan kan.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, sátẹ́láìtì yóò kọjá lórí Bantè. Bí Hanane bá fi áńténà yẹn gba àwòrán tí yóò fi ránṣẹ́ sílẹ̀, ilé iṣẹ́ wa yóò gbà á síbí láti kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà òfurufú. Bí kò bá rí àwòrán náà gbà, ọmọ ìlú mìíràn ni wọn yóò mú. Sátẹ́láìtì kò mọ àgbà, kò ní dúró.

Ara mi le. Mo ń sùn dáadáa, n kì í jí lọ síbi iṣẹ́ mọ́; wọ́n ti dá mi dúró. Ẹ má tíì sọ fún Màmá. Orúkọ Hanane ni mo kọ sílẹ̀ kẹ́yìn fún ìdánwò yìí kí n tó kó ẹrù mi kúrò lórí tábìlì mi níbi iṣẹ́.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ Esdras kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣú. Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá.

Hafsath