Mo Kọ Orúkọ Mummy Mi Mọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ Mi Torí Business School

Ẹ dákun, ẹ má tíì bú mi, ẹ kọ́kọ́ kà á tán. Mo parọ́ kan, irọ́ náà ti wá fẹ́ bímọ. Friday yìí ni mo gbọ́dọ̀ dá ilé-ìwé kan lóhùn, kò sì sí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ ní Ketu tí mò ń gbé yìí tí kò ní dé etí ìyá mi kílẹ̀ tó ṣú.

Mo ṣe HND, mo wáṣẹ́ wáṣẹ́, kò sí, ni mo bá lọ bá Mummy mi ní Mile 12 níbi tí wọ́n ti ń ta tòmátì kí wọ́n tó bí mi. Ẹni tí kò bá mọ ọjà yẹn, ó ní bó ṣe ń lọ. Àlàájì kan wà ní Òkè Ọya tó máa ń kó ẹrù tòmátì ránṣẹ́, Mummy mi ló ń bá a tà á. Kò sí agreement, kò sí ìwé kankan láàárín wọn, ojú Mummy ni Àlàájì mọ̀. Ní àárọ̀ Monday àti Wednesday tí tìrélà bá ti dé, Mummy gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ fúnra wọn kí wọ́n tó já ẹrù. Tí wọn ò bá sí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹlòmíì ti gbà á nìyẹn. Nígbà tí Daddy mi kú, ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí Mummy fi padà sídìí tìrélà. Ní báyìí orúnkún wọn ti ń dùn wọ́n gan-an, wọ́n máa ń di ògiri mú kí wọ́n tó dìde. Wọ́n ní tí Àlàájì bá wá sí Èkó lóṣù tó ń bọ̀, àwọn máa fà mí lé e lọ́wọ́, pé èmi ni kó máa wò báyìí. A kì í ṣe irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ọjà wa o. Tí wọ́n bá fà mí kalẹ̀ tán tí mo wá ń pa ọjọ́ jẹ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ilé-ìwé wá ńkọ́? Business school tuntun kan ni, ní Ogudu, ó tuntun débi pé ọ̀dà ṣì ń rùn lára ògiri, àwa la máa jẹ́ first set. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká wá wo ibẹ̀, ọkùnrin kan kọ́kọ́ ń fi òyìnbó sọ bó ṣe yẹ ká máa tọ́jú tòmátì, mo ń rẹ́rìn-ín nínú, torí ó jọ pé kò fọwọ́ kan tòmátì rí àfi nínú ọbẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ni lecturer obìnrin kan wá bi wá pé tí wọ́n bá yọ ẹni tó ni business kúrò nínú ẹ̀ fún oṣù kan, kí ló máa kù? Àwọn tó kù ń dáhùn... èmi ń ro ìsọ̀ wa. Kò ní ku nǹkan kan níbẹ̀. Ojú Mummy ni gbogbo ẹ̀, Mummy sì ti ń darúgbó. Ìbéèrè yẹn ni mi ò gbé kúrò lọ́kàn títí dòní. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ báńkì sọ pé ilé-ìwé tí ẹnì kankan ò tíì jáde níbẹ̀, ta ló fẹ́ jẹ́rìí sí i? Tí wọ́n bá kógbá wọlé kí ọdún tó parí ńkọ́? Monday sí Wednesday sì ni class, láti àárọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ilé-ìwé náà ní àwọn máa san ìdajì owó ilé-ìwé fún ẹni tó bá ní business tiẹ̀. Mo gba form, mo kọ ọ́ pé èmi ni mo ni ìsọ̀ Mummy. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ mi, mo kọ àwọn tó ń bá wa gbẹ́rù, ọwọ́ mi ò sì dúró... mo kọ orúkọ Mummy mi síbẹ̀, mo kọ sales girl sí iwájú ẹ̀. Ìyá mi. Mo ní form lásán ni, ta ló fẹ́ kà á? Wọ́n kà á o. Wọ́n gbà mí wọlé, wọ́n wá ní àwọn ń bọ̀ wá wo ìsọ̀ ní Thursday, pé àwọn máa bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, oníkálukú sì máa sign ìwé kan.

Mo sọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà fún Mummy, pé mo rí ilé-ìwé, pé wọ́n ń bọ̀ wá kí wọn, pé Mummy sì máa sign ìwé kan. Mo ti múra de èébú. Wọn ò bú mi. Wọ́n bi mí bóyá ilé-ìwé gidi ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí mi ò mọ̀. Wọ́n ní tó bá jẹ́ gidi, kí n lọ, àwọn máa rọ́jú dúró ti tìrélà fún ọdún kan sí i. Pẹ̀lú orúnkún yẹn. Ṣé ibi tí ọ̀dà ò tíì gbẹ tó nǹkan tí ìyá mi máa tìtorí ẹ̀ fi orúnkún yẹn dúró fún ọdún kan? Tí mi ò bá sì lọ, tí Mummy ò bá lè dìde mọ́ lọ́jọ́ kan, kí ló máa kù?

Ìka ni Mummy máa ń tẹ̀ sí ìwé láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní àwọn ò ní tẹ̀ka níwájú àwọn olùkọ́ mi, kí n kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ. Ọjọ́ mẹ́ta nìyí tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sẹ́yìn páálí, wọ́n á jókòó sórí apẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi eyín di ètè mú. Lánàá ló kọ́kọ́ já gaara, wọ́n pè mí wá wò ó, wọ́n bi mí pé ṣé ibi tí òbí ń sign sí ni àwọn máa kọ ọ́ sí... mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìwé tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́ wà nínú báàgì mi. “Employee” ni wọ́n kọ sábẹ́ ìlà yẹn, Mummy ò sì lè kà á.

Ọ̀la ni Thursday. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n sign ẹ̀?