Ìdí Tí Orin Rẹ Kò Fi Wọlé

Àbúrò mi Olójú-oorun,

Mo kí ọ o. Mo lérò pé ara ti mókun, pé ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ti gbà fún oògùn, àti pé òrùlé yàrá tí ẹ ń sùn sí kò jò mọ́. Ara tèmi le. Ti Bàbá ni màá sọ fún ọ níwájú. O mọ̀ pé n kì í yí ilé po kí n tó kan ilẹ̀kùn, nítorí náà gbọ́ ọ báyìí: orin rẹ kò wọlé. A gbọ́ ọ ní ìpàdé, a dá a dúró láàárín, kò sì sí lára orin tí a ó máa gbé sáfẹ́fẹ́. Jókòó kí o tó ka ìyókù.

Mo mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ojú mi ni ìwọ àti Bàbá ti ṣe àdéhùn, nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà ní ilé ìtẹ̀wé wọn. Bí orin rẹ bá wọ rédíò kí ọdún yìí tó parí, wọn ò ní dárúkọ ilé ìtẹ̀wé sí ọ létí mọ́ láéláé. Bí kò bá wọ̀ ọ́, wàá kó ẹrù rẹ wálé, wàá bọ́ sídìí ẹ̀rọ. O bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, o ń rẹ́rìn-ín. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló ni rédíò, kí ni mo ń bẹ̀rù?" Mo ní n kò ni rédíò, máníjà ni mí, àti pé bí o bá fi orúkọ mi sára orin yẹn, èmi fúnra mi ni màá jù ú sínú pàǹtírí. O ṣe bí mo ti wí. O fi orin ránṣẹ́ bí àlejò tí kò mọ ẹnì kankan nílé. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú, mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn, o ní onílù yín sọ pé ẹni tó bá gbé àpò owó wá là ń gbé orin rẹ̀. Sọ fún un pé kó fi ọ̀pá ìlù rẹ̀ di ẹnu ara rẹ̀. Àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ olórin ń wá lóòótọ́, tẹ̀rín-tẹ̀rín, pẹ̀lú fìlà ọ̀fẹ́ lọ́wọ́. A máa ń gba fìlà, a kì í gba àṣẹ. Orin róòkì tí àwa ń gbé kì í ṣe èyí tí gbogbo ilé ń kọ. Àwọn tí rédíò ńlá kò fún láyè ni oúnjẹ wa. Ẹni tó bá tan rédíò láàárín orin, láìtíì gbọ́ orúkọ wa, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa lòun bọ́ sí. Bí gbogbo ohun tí a gbé bá jẹ́ tuntun, olùgbọ́ á sá lọ. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n mọ̀ nìkan, wọ́n á sùn. Nítorí náà, tuntun díẹ̀ la máa ń fi há àárín èyí tí wọ́n mọ̀. A kì í to orin aláriwo méjì tẹ̀ léra. Èyí tí etí bá ti gbọ́ gbọ́ tó ti sú u, a ó yọ ọ́ kó lọ sinmi. Àyè tó ń ṣí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kò tó nǹkan, orin tó sì ń wá kún páálí, òmíràn tún ń bọ̀.

Báyìí la ṣe ń yàn án. Àwa mẹ́ta la máa ń jókòó ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn sítúdíò, èyí tí a fi fóòmù lẹ ògiri rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í tó. Èmi, àti Ọ̀gá Orin, ẹni tó ń to orin fún wa, àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ obìnrin tó ń ṣe ètò àárọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ohùn Àárọ̀. Ẹnjiníà wa, Bàbá Wáyà, wà lẹ́yìn gíláàsì. Òun nìkan ló mọ orúkọ ẹni tó kọrin. Àwa kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Ife tíì kan wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sí tíì nínú rẹ̀, nítorí Ohùn Àárọ̀ ti da tíì sórí tábìlì rí. Bí orin bá sú ọ, wàá da ife rẹ dojú bolẹ̀. Bí ife méjì bá ti dojú bolẹ̀, Bàbá Wáyà á pa orin. Èyí tó bá dópin tí ife méjì ṣì dúró ló wọlé. Kò sí àríyànjiyàn, kò sí "ẹ jẹ́ ká sùn lé e lórí." Èmi ni mo mú ètò yìí wá, nítorí kí n tó dé ibẹ̀, odidi ọ̀sán ni wọ́n fi ń jà lórí orin kan ṣoṣo, iṣẹ́ á sì wà nílẹ̀ bí òkè.

Òfin kan tún wà tó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹbí tàbí olólùfẹ́ ẹnì kan nínú wa bá wà nínú orin, bó bá ti dá ohùn mọ̀, kó da ife tirẹ̀ dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó sì pa ẹnu mọ́ títí ìpàdé yóò fi parí. Àwọn méjì yòókù ni yóò pinnu. Nítorí Ohùn Àárọ̀ kan náà la ṣe ṣe òfin yìí, ẹni tó ń gbé orin àfẹ́sọ́nà rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ títí àwọn olùgbọ́ fi ń pè wá láti béèrè ọjọ́ ìgbéyàwó.

Nígbà tí orin rẹ bẹ̀rẹ̀, gìtá nìkan ló ń sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Ọ̀gá Orin fẹ̀yìn tì, ó di ojú, èyí tó jẹ́ àmì rere lára rẹ̀. Èmi náà ń gbádùn rẹ̀, n kò mọ ẹni tó ni ín. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ìmí rẹ, ìmí tí o máa ń fà sínú láti kékeré kí o tó kọrin, bí alágbàṣe tó fẹ́ gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò tíì jáde tí ọwọ́ mi ti wà lára ife. Mo dà á dojú bolẹ̀. Mo tẹ̀ lé òfin.

Ohun tí n kò rò nìyí. Gbogbo wọn mọ̀ mí sí aláìnísùúrù. Ife mi ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Nígbà tó dé lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó ronú kan ẹbí. Wọ́n rò pé èmi ọ̀gá wọn ti gbọ́ àléébù kan. Ohùn Àárọ̀ wo ife mi, ó wo ojú mi, ó rọra da tirẹ̀ dé. Bàbá Wáyà pa orin. O kò tíì dé ibi ègbè. Mo jókòó síbẹ̀, ẹnu mi wúwo bí òkúta, nítorí òfin ní kí n dákẹ́, orin tó kàn sì ti ń wọlé.

Ìpàdé parí tán ni mo tó sọ fún wọn. Ohùn Àárọ̀ ká ọwọ́ lérí. Ó ní, "Yéè, ọ̀gá mi! Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ da ife dé! Mo ní ẹ ti gbọ́ nǹkan tí etí tèmi ò gbọ́. Mo ti ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀ lábẹ́ tábìlì o!" Ọ̀gá Orin ní ká tún un gbọ́. Mo ní rárá, orin tí a bá dá dúró kì í padà sórí tábìlì àfi lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Bí a bá yí i padà fún àbúrò máníjà, ta la tún fẹ́ fi òfin mú lọ́la? Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni màmá yín bí tẹ̀ lé yín gan-an? Ṣé òfin ni, àbí ọmọ?" Bàbá Wáyà bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn gíláàsì. Èmi ò rẹ́rìn-ín, n kò sì yí ohùn padà.

Èrò mi ni pé màá bẹ Bàbá kí wọ́n fún ọ ní oṣù mẹ́fà yẹn. Mo ti to ohun tí màá sọ lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí àwọn tó ni ilé iṣẹ́ fi pe àwa máníjà jọ. Wọ́n ní láti ọdún tuntun, ibì kan ṣoṣo ni orin tí gbogbo rédíò wọn ń gbé yóò ti máa wá. Kọ̀ǹpútà ni yóò yàn án: yóò wo ohun tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ lórí fóònù wọn, yóò sì máa gbé irú rẹ̀ fún wọn. Èmi náà lọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò, mo lè ka ìṣirò wọn. Ó pé wọn. Àmọ́ orin tí ẹnì kankan kò gbọ́ rí, níbo ni kọ̀ǹpútà ti fẹ́ pàdé rẹ̀? Ọ̀gá Orin ti ń kó àwo orin rẹ̀ sínú páálí. Yàrá ìpàdé wa, àga tó ti ṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ máa kó sí i. Oṣù mẹ́fà kankan kò sí mọ́. Má sì béèrè ìdí tí n kò fi yọ́ orin náà wọlé kí ọdún tó parí. Bàbá á béèrè bó ṣe wọlé, n kò sì ní lè wo ojú wọn kí n purọ́.

Mo lọ bá Bàbá ní Sátidé. Wọ́n ń gé ìwé ilé ẹ̀kọ́ kan. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ń gbọ̀n, wọ́n fi tòsì dì í mú. Etí àwọn ìwé náà wọ́. Oníbàárà ti dá ìdì díẹ̀ padà. Bàbá fi bébà bò ó kí n má bàa rí i, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo ròyìn ọ̀rọ̀ orin rẹ fún wọn, láti orí ife dé orí kọ̀ǹpútà. Mo rò pé inú wọn á dùn. Wọ́n pa ẹ̀rọ. Wọ́n ní, "Ṣé orin ọ̀hún dáa?" Mo ní n kò gbọ́ ọ dópin. Wọ́n ní, "Ìwọ máníjà rédíò! O dá ọmọ ìyá ẹ dúró lẹ́nu ọ̀rọ̀, o ò sì padà lọ gbọ́ ibi tó ń bá a lọ?" Wọ́n wá ní, "Mo ti ń gbàdúrà pé kó borí mi. Mo fẹ́ kí ẹnì kan nínú ilé yìí borí nǹkan." Lẹ́yìn náà wọ́n wo ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n sọ fún un kó máa bọ̀."

Nígbà tí mo padà, mo gba orin náà lọ́wọ́ Bàbá Wáyà, mo jókòó sínú ọkọ̀ mi níwájú ọ́fíìsì, mo ti fèrèsé, mo gbọ́ ọ dópin. Mo gbọ́ ibi tí ìlù ti yọ kúrò, tó ku ohùn rẹ nìkan, tí ò ń pe ẹnì kan tí kò dáhùn. Mo tún un gbọ́. O mọ̀ pé n kì í yin ènìyàn láti fi tù ú nínú. Orin náà dára. Ká ní kò dára ni, ìlà méjì ni ǹ bá fi kọ lẹ́tà yìí, ì bá sì ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ tipẹ́. Ohun tó mú kí èmi tí n kì í fi nǹkan falẹ̀ pẹ́ kí n tó kọ̀wé nìyẹn. Síbẹ̀, bó bá tún di ọ̀la, ife mi á tún dé. Òfin tí kò bá lè mú àbúrò ẹni, kò yẹ kó mú ọmọ ẹlòmíràn. Mo mọ̀ pé èyí kò tù ọ́ nínú. Kò tu èmi náà nínú.

Ó wá ku iṣẹ́. Sọ fún onílé yín kí oṣù tó parí. Onílù á rí àwọn míì bá lu ìlù, kò sí onílù tó ń wá ẹgbẹ́ tì. Má bínú sí Bàbá. Èmi ni kí o bínú sí, ṣùgbọ́n ṣe é kíákíá, kí o parí rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì, nítorí àwọn ìwé ilé ẹ̀kọ́ yẹn kò lè dúró, ọwọ́ Bàbá kò sì lè gé e mọ́.

Ọ̀nà á là fún ọ. Àwọn ìka tí o fi ń ta gìtá, ẹ̀rọ kò ní gé wọn. Wàá bá Bàbá lórí ìdúró, wọn á sì gba ọwọ́ rẹ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí èyí jẹ́ òpin ohùn rẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tí kò ní àbúrò méjì.

Mo tún rántí: má ta gìtá rẹ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti ní kí wọ́n kó bébà kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn ní ilé ìtẹ̀wé, mo sì ti fi gílóòbù tuntun síbẹ̀. O lè máa kọrin níbẹ̀ bó ṣe wù ọ́, nígbàkúùgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ.