Ẹ Ṣí Fèrèsé Yàrá Bàámi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ibi tí mo wà. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo kí Bùnmi àbúrò mi tó ń dúró tì yín, mo kí àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ń wá bá yín gbàdúrà. Òtútù mú níbí. Oòrùn ń yọ bí ẹni tí wọ́n fipá jí, kì í sì í pẹ́ tó fi ń wọ̀. Mò ń jẹun, mo sì ń lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ máa ń bi mí léèrè iṣẹ́ náà. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí kò ní bátìrì ni. Ìmọ́lẹ̀ ni oúnjẹ wọn. Bí wọ́n bá ti rí i jẹ díẹ̀, wọ́n á jí, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́, wọ́n á tún sùn. Àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ló ń kó tiwọn wá sí ilé ìdánwò kan náà, nítorí agbára ẹnì kan kò ká a láti dá irú rẹ̀ kọ́. Èmi ni mò ń tan iná tó dúró fún oòrùn, tí mò ń pa á, tí mo sì ń wo èyí tó jí àti èyí tí kò jí.

Ọ̀kan nínú wọn ni mo gbé wá sílé lọ́jọ́sí, tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí fèrèsé onípákó nínú yàrá Bàámi, ká lè mọ bó ṣe máa ṣe nínú oòrùn tiwa. Bàámi ní àwọn kò rí irú àlejò yìí rí, tí kì í jẹ iyán, tí kì í bèèrè ẹran, tó sì ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti ṣí fèrèsé láàárọ̀, kí wọ́n tó mú àdá lọ sóko kòkó, àlejò á jí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ mi, èmi náà á rí i níbi iṣẹ́, màá sì mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ní Aramọkọ.

Lọ́jọ́ kan, kò jí. Mo pe Bùnmi, ó ní ó rẹ Bàámi díẹ̀, wọ́n ń sùn. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ní wọ́n ń sùn. Ọ̀gá mi bi mí kí ló dé, mo ní eruku ọyẹ́ ló bo ẹ̀rọ náà. Mo jókòó, mò ń wá àbùkù lára rẹ̀. Màámi, kò ní àbùkù kankan. Ẹ̀yin lẹ ti fèrèsé nítorí Bàámi ti lọ, tí ẹ sì ń wá ẹni tí yóò rọra túfọ̀ fún mi. N kò bínú. Bẹ́ẹ̀ náà là ń ṣe fún ọmọ tó wà lókèèrè. Ẹ̀rọ náà ti sọ fún mi, èmi ni kò gbọ́.

Nígbà tí àbúrò Bàámi wá túfọ̀ lórí fóònù, mo dúpẹ́, mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo tan iná, mo pa á. Títí di òní, n kò tíì sunkún. Gbogbo ara mi kú bí ẹsẹ̀ tí mo jókòó lé pẹ́ jù. Owó ìsìnkú ṣeé fi ránṣẹ́, èmi gan-an ni kò ṣeé fi ránṣẹ́. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ibí. Bí mo bá jáde, wọ́n lè má jẹ́ kí n wọlé mọ́.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Bùnmi ní ẹ kò tíì ṣí yàrá náà, pé èmi àkọ́bí lẹ ń retí, àti pé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ lẹ ń sùn sí lórí ẹní. Ó ní òun bẹ̀ yín títí, ẹ ní ọmọ onulé ló ń ṣílẹ̀kùn ulé.

Màámi, n kò ní lè wá lọ́dún yìí. N kò mọ ti èyí tó ń bọ̀. Ẹ má dúró dè mí mọ́, ilẹ̀ tútù. Ẹ fún Bùnmi ní kọ́kọ́rọ́. Kó gbálẹ̀, kó sá aṣọ Bàámi sóòrùn, kí ẹ sì padà sórí bẹ́ẹ̀dì yín. Bí ará ilé kan bá ní obìnrin kì í ṣí i, ẹ ní èmi àkọ́bí ni mo rán an.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn tó gbé Bàámi dé ibojì nígbà tí n kò sí níbẹ̀.

Mo ti bẹ ọ̀gá mi pé kó má yọ ẹ̀rọ Aramọkọ kúrò. Àràárọ̀ ni mò ń wò ó. Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn nìkan, Màámi, ẹ ṣí fèrèsé náà. Àlejò Bàámi á jí, èmi náà á sì rí i. Bóyá nígbà náà ni ẹkún á wá.

Ọmọ yín,
Kọ́lá